ÌṢÍPÒ ÌDÍLÉ SÓJÀ, TỌMỌTỌMỌ, TAJÁTAJÁ
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Anthony, ní agbègbè Kòsọ̀fẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó

Iṣẹ́ tí a fi rán wa ni pé kí a sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ọmọ ìlú wa tí ń ṣe iṣẹ́ ológun ṣe ń kó ìdílé wọn láti ìpẹ̀kun kan orílẹ̀-èdè yìí dé ìpẹ̀kun kejì, àti ohun tí ó tọ́ kí ẹgbẹ́ wa máa ṣe nípa rẹ̀.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ sójà ni a gbé wá sí Anthony, níbi tí oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a jókòó sí. Bí a bá gba òpópó Ìkòròdú lọ sí apá Maryland, a kò ní í pẹ́ dé ìtòsí ibùdó ológun Ìkẹjà. Bí a bá sì yà sí ọ̀nà Òṣòdì, ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fi ń kọ́ àwọn ológun tí ó fẹ́ fẹ̀yìn tì ní iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò wà. Láti ibùdó kan ni sójà ti ń gba ìwé ìṣípò. Ní ilé kejì ni ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbé láìsí ìwé ìṣípò mọ́. Àárín méjèèjì ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ ń gbé. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ wọn ṣàjèjì sí wa.

Ìrìn ìdílé sójà kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1863 ni John Glover kó àwọn ọmọ ogun Hausa jọ ní Èkó, ọ̀nà wọn sì jìn sí ilé wọn. Nígbà tí Lugard bẹ̀rẹ̀ sí dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1897, àwọn aya ń bá ọkọ wọn gbé ní bárékè, wọ́n ń dáná fún wọn, wọ́n sì ń bímọ síbẹ̀. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Kánò ní 1912. Ní ìgbà náà, ìyá àti ọmọ lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìddó kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ ní Kánò lẹ́yìn ìrìn tí ó lé ní 1,100 kìlómítà.

Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín kò gbàgbé ọdún 1966. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ oṣù keje ọdún náà, àwọn aṣojú ìjọba ológun pàdé ní oṣù kẹjọ, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí sójà kọ̀ọ̀kan padà sí bárékè tí ó wà ní ẹkùn ibi tí a ti bí i. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìlà-Oòrùn fi Ìkẹjà àti Kàdúná sílẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà Enúgu; àwọn ọmọ Àríwá tí ó wà ní Enúgu sì padà sí Kàdúná. Nígbà tí ó di oṣù keje 1967, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Ìṣípò tí a kọ sórí ìwé pélébé lè jẹ́ ìpínyà aládùúgbò títí láé.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìṣípò kì í ní ìwé rárá. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní 2002, ilé ìkóhun-ìjà tí ó wà ní ibùdó ológun Ìkẹjà gbiná, àdó olóró sì ń bú káàkiri. Àwọn ìdílé sójà sá kúrò ní bárékè pẹ̀lú aṣọ tí ó wà lọ́rùn wọn nìkan, àwọn ará àdúgbò náà sì sá. Àwọn tí ó kú lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí ọmọdé pọ̀ láàárín wọn, ni omi gbé lọ ní òdò Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá àsálà. Òbí wá ọmọ, ọmọ wá òbí. Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ọjọ́ náà kọ́ wa ni pé ọmọ tí kò tíì lè sọ orúkọ baba rẹ̀ ní àsọyé gbọ́dọ̀ ní i lára rẹ̀ ní kíkọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ojú inú wo ìdílé kan nínú àwọn tiwa. Baba jẹ́ sájẹ́ńtì ní Ìkẹjà. Wọ́n fún un ní ìwé pé kí ó lọ sí Maiduguri, níbi tí a dá ẹ̀ka keje iṣẹ́ ológun sílẹ̀ sí ní 2013 nítorí ogun Boko Haram. Òun ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ ọdún méje, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ ọwọ́ kan, àti ajá kan ni ó kù sẹ́yìn. Bí ibi tí ó lọ bá ṣòro láti gbé ọmọ sí, ìdílé yóò dúró sí Kàdúná tàbí Jos, tàbí kí wọ́n padà sílé. Ohun tí ó wà nílẹ̀ fún obìnrin yìí kò kéré, ẹnu kò sì gbà á láti sọ fún aládùúgbò pé òun ń bẹ̀rù.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé. Kí ó tó di ẹrù kankan, kí ìyá kó ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, èsì ìdánwò, àti ìwé ìṣípò láti ọwọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jọ sínú àpò kan tí kì yóò wọ inú lọ́rì ẹrù. Òfin ọdún 2004 sọ pé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní ìwé lọ́wọ́ lè pàdánù sáà kan kí wọ́n tó mọ kíláàsì tí yóò jókòó sí. Ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án ni a ń gún abẹ́rẹ́ èéyi àti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ fún un. Bí ìrìn bá bọ́ sí àkókò náà, kí a gún un kí a tó lọ. Ilẹ̀ Hausa sì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àrùn yínrùnyínrùn máa ń jà; ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè ohun tí ó yẹ kí ọmọ gbà.

Ohun kejì ni ọ̀nà. Ní ìgbà kan, ọkọ̀ ojú irin ni ìfọ̀kànbalẹ̀ arìnrìn-àjò. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2022, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Abuja lọ sí Kàdúná, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lọ. Nítorí náà, kí ìdílé sójà má ṣe rin òru. Kí wọ́n má ṣe gbé aṣọ ológun sí òkè ẹrù, kí àwọn ọmọ má sì sọ iṣẹ́ baba wọn fún èrò ọkọ̀. Bí owó bá tó, kí ìyá àti àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹrù gba ilẹ̀. Bí kò bá tó, kí wọ́n sùn lọ́nà: Ìlọrin dára láti sùn, kí wọ́n tó sọdá Odò Ọya ní Jẹ́bà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ kékeré kò mọ kìlómítà. Ebi, ooru àti ìtọ̀ ni ó mọ̀.

A dé orí ajá. A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín pé kí ni ti ajá nínú ọ̀rọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò fojú kékeré wo ajá. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni òwe tí wọ́n fi ń bá ọ̀tá sọ̀rọ̀: Tanímọ̀la, Ẹ̀yìnlàárò. Ọmọ tí ó ń fi ilé, ọ̀rẹ́, olùkọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, bí ajá rẹ̀ bá bá a lọ, ohun kan kù tí kò yí padà. Ní tiwa, bí ó bá ṣeé ṣe, kí a mú ajá náà lọ.

Ṣùgbọ́n kí a mú un lọ pẹ̀lú ọgbọ́n. Kí a gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí a sì gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ẹranko. Ajá ni ó ń fa ìdá 99 nínú 100 àrùn dìgbòlugi tí ń mú ènìyàn, àjọ ìlera àgbáyé sì sọ pé bí 40 nínú 100 àwọn tí ajá tí a fura sí ń bù jẹ ni wọ́n jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì àrùn náà bá ti yọ lára ènìyàn, agbára káká ni a fi ń rí ẹni tí ó là á já. Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀; kí a má ṣe dúró ti àgbo. Ní ọjọ́ ìrìn, kí a má ṣe bọ́ ajá yó kí ó tó wọ ọkọ̀, kí a fún un ní omi lọ́nà, kí okùn wà lọ́rùn rẹ̀ kí a tó ṣí ilẹ̀kùn, kí a má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn. Bí a bá dé, kí a bi ọ̀gá bárékè bóyá òfin gba ajá. Kí a rántí pé ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí aládùúgbò kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fi ń kírun. Kí a so ó mọ́lẹ̀. Ibòmíràn sì wà tí ajá jẹ́ ẹran ọbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì pe èyí ní ìwà ará òkèèrè, nítorí àwa náà mọ ohun tí ojú ajá ń rí nígbà ọdún Ògún.

Bí kò bá ṣeé ṣe láti mú un lọ, kí a fi í fún ẹni tí àwọn ọmọ mọ̀, kí a sì sọ òótọ́ fún wọn. Òbí tí ó tà á lóru tí ó sì sọ pé ó sọnù ti kọ́ ọmọ pé ohun tí a fẹ́ràn lè pòórá láìnídìí, ní ọ̀sẹ̀ tí baba fúnra rẹ̀ ti lọ sójú ogun.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Amẹ́ríkà ń san tó $550 padà fún sójà tí ó bá mú ajá tàbí ológbò kan ṣípò láàárín ilẹ̀ wọn, àti tó $2,000 fún ìṣípò òkè òkun. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ajá láti Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà sábẹ́ awọ rẹ̀, kí ó gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn ọjọ́ 30 ó kéré tán, kí ó sì dúró fún oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹni tí ó gba ìwé ìṣípò lónìí tí yóò lọ ní oṣù tí ń bọ̀ ti pẹ́ jù.

Ohun tí ó dùn wá jù lọ ni ti èdè. Ní 2008, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ètò kan láti gba àwọn àlejò tí ó gbọ́ èdè tí iṣẹ́ ológun wọn nílò. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà; wọ́n dá ètò náà dúró ní 2016. Ẹ gbọ́, ará ilé! Ìjọba àlejò wá ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá nígbà náà, ọmọ wa tí ó sì ti gbé bárékè mẹ́rin kò lè kí ìyá baba rẹ̀. Kò sí bárékè tí ó fi òfin de èdè ilé. Ìyá ni yóò máa sọ ọ́, àwa ni yóò sì máa fi í pe ọmọ náà lórí tẹlifóònù.

Ọ̀rọ̀ ilé ni ó kàn. Ọjọ́ tí sójà bá fẹ̀yìn tì tàbí tí ó bá kú ni yàrá bárékè di ti ẹlòmíràn. Opó tí ó ti fi ogún ọdún kó kiri kò ní ibi tí yóò kó sí bí kò bá sí ilé ní ìlú wa. Sójà tí ó ń lọ sí Òṣòdì fún oṣù mẹ́fà láti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti pẹ́ láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ilẹ̀.

Nítorí náà, a dábàá ohun mẹ́rin fún ìpàdé yìí. Èkíní, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, pàápàá ti Kàdúná, Jos, Kánò àti Abuja, yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí yóò máa gba ìdílé sójà tí ó bá dé, kí wọ́n bá wọn wá ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti dókítà ẹranko. Èkejì, kí ẹ̀ka Anthony máa bá ìyá tí ọkọ rẹ̀ ti lọ ṣáájú dì ẹrù, kí a má fi í sílẹ̀ fún àwọn alágbàṣe. Ẹ̀kẹta, kí ìlú ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ tí sójà lè máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ìwé rẹ̀ sì ní orúkọ aya rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀kẹrin, kí a máa gba àwọn ọmọ wọn sílé ní ìsinmi gígùn, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà odò, ọ̀nà ọjà àti ojúlé baba wọn.

Àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ìlú ẹlòmíràn fún wa kò gbọdọ̀ dé ìlú tirẹ̀ kí ó di àlejò. Kí Ọlọ́run kó gbogbo àwọn tí ó wà lójú ogun padà wá bá ọmọ wọn ní àlàáfíà, kí ó sì jẹ́ kí ìlú wa gbòòrò.