Kí a tó ta ilẹ̀ nítorí CoS: ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́

 

Ọ̀rọ̀ físà iṣẹ́ ti Ìlú Ọba ni mo fẹ́ sọ. Ilẹ̀ ẹbí ń lọ, àwọn ìyá wa ń yáwó ní kóópù, torí pé ẹnì kan ní òun á ta CoS fún ọmọ wọn. Mi ò bá ẹni tó fẹ́ jápa jà o. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kéèyàn wá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ jẹ́ ká mọ ọ̀nà yẹn dáadáa ká tó náwó lé e.

Àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba àjèjì lórí físà Skilled Worker gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ Home Office. Ìgbà yẹn ló tó lè fún èèyàn ní CoS. CoS yìí kì í ṣe bébà tí wọ́n ń fi férémù kọ́ sára ògiri. Àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ni, nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n máa fún yín. Irú iṣẹ́ yín àti owó tí wọ́n máa san fún yín wà nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá ti fún yín, ẹ gbọ́dọ̀ béèrè físà láàárín oṣù mẹ́ta.

Èkejì, ta ló ń sanwó? Owó láísẹ́ǹsì, owó CoS àti Immigration Skills Charge, agbanisíṣẹ́ ló ń san gbogbo ẹ̀. Òfin ò gbà kó gbé e lé òṣìṣẹ́ lórí. Tiyín ni owó físà fúnra ẹ̀, owó àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti owó ìlera, tó jẹ́ £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà. Àwọn tó gba físà Health and Care kì í san owó ìlera yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ wá ra CoS, ohun tí òfin ò ní kẹ́ ẹ rà ló ń tà fún yín.

Ẹ̀kẹta, òfin ti yí padà. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọn ò gba care worker tuntun láti òkè òkun mọ́. Owó ọdún tí físà Skilled Worker ń béèrè fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà kúrò ní £38,700, ó di £41,700. Ẹni tó bá ṣì ń polówó iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó fún ẹni tó wà nílé níbí, ẹ bi í pé ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà.

Báwo la ṣe máa wádìí? Orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì wà lórí gov.uk, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo orúkọ náà, ìlú tó wà, àti irú físà tí wọ́n fọwọ́ sí fún un. Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀ o, torí oníjìbìtì lè jí orúkọ ilé iṣẹ́ gidi lò. Ẹ wá àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ náà fúnra yín, kẹ́ ẹ kọ̀wé bi wọ́n bóyá àwọn ló fún yín níṣẹ́. Ẹ má lo nọ́ńbà tí ejẹ́ǹtì fún yín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé ayédèrú sínú fáìlì yín. Bí wọ́n bá ká ẹ̀tàn mọ́ yín lọ́wọ́, wọ́n lè máa kọ físà yín fún ọdún 10. Owó ilẹ̀ á ti lọ, ọ̀nà á tún dí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ wà ní UK, ẹ jọ̀ọ́, bí àbúrò kan bá fi orúkọ ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín, ẹ bá a pè wọ́n. Fóònù ìṣẹ́jú márùn-ún lè gba ilẹ̀ ẹbí kan là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ kó lẹ́tà iṣẹ́ yín wá bá wa ní ẹ̀ka ọ̀dọ́ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. A ó jọ wò ó lórí fóònù, a ò ní gbowó.

 Ìlú wa á dára o.