Ṣéènì àti Eyín Kẹ̀kẹ́ Tí A Fi Ń Kẹ́rù
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn àgbẹ̀)

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ra alùpùpù, ṣùgbọ́n owó epo ti dá púpọ̀ nínú wa padà sídìí kẹ̀kẹ́. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní òjò èṣí, mo di apẹ̀rẹ̀ tòmátì méjì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi. Bí mo ti ń gun òkè tó wà lẹ́yìn odò, mo dìde lórí pẹ́dà kí n lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ni ṣéènì bá fò lórí eyín. Àyà mi gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tòmátì sì dà sínú ẹrẹ̀. Ṣéènì tuntun ni o! Eyín ẹ̀yìn tó ti jẹ, èyí tí àwọn alátùn-únṣe ń pè ní fíríwíìlì, ni n kò pààrọ̀. Owó tí mo ń ṣọ́ kò tó owó apẹ̀rẹ̀ kan.

Ẹ fi rúlà wọn ṣéènì yín. Láti àárín píìnì kan, ẹ ka píìnì 24 síwájú. Íńṣì 12 géérégé ló yẹ kó jẹ́. Bí ó bá fi ìdá kan nínú 16 íńṣì lé, ẹ tètè pààrọ̀ ṣéènì nìkan, eyín á ṣì dára. Bí ó bá lé tó ìdá kan nínú 8, eyín ti bá a lọ nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ wọn pọ̀.

Eyín mélòó ni kí ẹ rà? Bí 48 bá wà níwájú, tí 18 wà lẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ yín bá yí pẹ́dà po lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ onítáyà íńṣì 28 á lọ tó ẹsẹ̀ bàtà 19 ààbọ̀. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń lọ sóde ìgbéyàwó. Ẹ fi 22 sẹ́yìn, á di ẹsẹ̀ bàtà 16. Ẹ ó falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣu yóò gòkè láìjẹ́ pé ẹ dìde. Ó lè gba ṣéènì tó gùn jù ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí náà ẹ má gé e kí ẹ tó gbé e sórí kẹ̀kẹ́ wò.

Ẹ ṣọ́ra fún ṣéènì tín-ínrín ti kẹ̀kẹ́ onígíà. Kì í wọ eyín nípọn ti kẹ̀kẹ́ wa. Bí ẹ kò bá sì gbọ́ èdè ẹni tó ń tajà, ẹ mú ògbólógbòó dání, kí ẹ fi wé tuntun lójú rẹ̀.

Rúlà mi nìyí. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ wá, kó jẹ́ ká wọ̀n ọ́n.