Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Má Wó Ilé Tábà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, Òkèhò)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ dá sílẹ̀. Ṣé ẹ rántí pé Ìsẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sùn nígbà ìpàdé èṣí? Ojú tì mí. N kò lòdì sí hòtẹ́ẹ̀lì rárá. Ilé tábà àtijọ́ tí wọ́n ní kí a wó kí a tó kọ́ ọ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ tábà bíi tèmi mọ irú ilé tí mò ń wí: gíga, alámọ̀ tó nípọn, tí kò ní fèrèsé. Wọ́n á so ewé mọ́ igi, wọ́n á to igi náà títí dé abẹ́ òrùlé, wọ́n á wá koná sí ìdí ilé, kí páìpù irin gbé ooru wọlé. Ẹni tó ń ṣọ́ iná kò gbọdọ̀ sùn, torí bí ooru bá pọ̀ jù, ewé bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí iná yẹn ni owó ilé-ìwé púpọ̀ nínú wa ti wá.

Wọ́n ní ilé tí kò ní fèrèsé kò ṣe é fi ṣe hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé èbúté Cape Town ní South Africa. Wọ́n kọ́ àká ọkà kan síbẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 1924, gíga rẹ̀ tó mítà 57. Kọnkéré ni, òpó oníhò 42 tí wọ́n tò pọ̀. Òun náà kò ní fèrèsé. Wọ́n tì í pa lọ́dún 2001, ṣùgbọ́n wọn kò wó o. Thomas Heatherwick, ayàwòrán-ilé Òyìnbó, wo hóró àgbàdo kan, ó sọ ìrísí rẹ̀ di ńlá, ó sì gbẹ́ inú àká náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi kọnkéré tuntun tẹ́ inú òpó kó má baà sán. Lọ́dún 2017, ìsàlẹ̀ di ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà, òkè di hòtẹ́ẹ̀lì Silo, yàrá 28. (Owó orí yàrá ibẹ̀ kì í ṣe ti oníròyìn o!)

Bí Cape Town bá jìnnà, Èkó ńkọ́? Theo Lawson sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street, tí wọ́n ti Awólọ́wọ̀ mọ́ rí, di Freedom Park. Ọdún 2010 ni wọ́n ṣí i. Ojú yàrá ẹ̀wọ̀n di ìsọ̀, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn di orí ìtàgé. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé wọ́n ti wó púpọ̀ nínú ọgbà náà tipẹ́ kí ó tó débẹ̀.

Àwa gan-an ló yẹ kó mọ èyí. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 1916 ni a kó kúrò lórí òkè lọ́dún 1917. Ẹ mú ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ sí Òkèhò Àhoro, kí ẹ ní kó fi agboolé baba rẹ̀ hàn yín.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí a kọ́ yàrá ibùsùn sẹ́yìn, kí ilé tábà jẹ́ ibi tí àlejò á ti kọ́kọ́ wọlé, tí á ti jẹun. Ògiri tó nípọn bẹ́ẹ̀ á tutù lọ́sàn-án oṣù kẹta, kódà bí iná bá lọ. Òrùlé ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe, torí òjò ló ń pa ilé alámọ̀. Kí bíríkìlà kankan má sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ! Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí omi inú amọ̀ rí ọ̀nà jáde, amọ̀ á máa jẹrà lábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Amọ̀ ni kí a fi rẹ́ amọ̀.

Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn ọpẹ́, mò ń lọ wọn ilé náà. Ẹni tó bá máa bá mi lọ, kó wọ bàtà tó le, torí igbó ti kún ẹnu ọ̀nà.