Ọmọdé Tí A Fi Ṣe Atọ́kùn: Bí Àwọn Akọ́nimọ̀ọ́gbá Amẹ́ríkà Ṣe Ń Tún Ilé Ṣe De Quarterback Tuntun

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ṣàjèjì létí ẹlòmíràn nínú wa, nítorí pé eré tí ó dá lé lórí kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí àwọn ọmọ wa ń gbá káàkiri àdúgbò, bí kò ṣe bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí ó ṣe ṣóńṣó lórí ṣe ṣóńṣó nídìí, tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí wọ́n ń gbá mọ́yà sáré, tí àwọn òmìrán tí ó dé akoto sì ń tìtorí rẹ̀ forí gbárí. Ìbéèrè mi nípa rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí ẹgbẹ́ kan bá gbé ìdarí gbogbo ìkọlù rẹ̀ lé ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé lọ́wọ́, báwo ni ó ti yẹ kí wọ́n tún ìyókù ilé ṣe, kí ọmọ náà má baà ṣubú, kí ilé náà má sì wó lé e lórí?

Eléré 11 ni ó ń dúró fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà 4 ni ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti fi rin yáàdì 10. Bí ó bá rìn ín já, a ó tún fún un ní ìgbà 4 mìíràn, bí kò bá sì rìn ín já, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Láàárín àwọn 11 náà, ẹnì kan wà tí ìkọlù kò lè bẹ̀rẹ̀ láìti ọwọ́ rẹ̀ wá, òun ni wọ́n ń pè ní quarterback, èmi yóò sì máa pè é ní atọ́kùn. Nínú akoto atọ́kùn yìí ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tí olùdarí ìkọlù fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú-àáyá 15 kí àkókò tí a fún wọn láti bẹ̀rẹ̀ ìgbà kọ̀ọ̀kan tó pé, ẹ̀rọ náà a dákẹ́, ohùn àgbà a sì kúrò létí ọmọdé. Láti ìgbà náà lọ, òun nìkan ni yóò wo bí àwọn alátakò ti tò, òun ni yóò yí àṣẹ padà bí ó bá rí ewu, òun náà ni yóò sì gba bọ́ọ̀lù, tí yóò yan ẹni tí yóò jù ú sí nínú ènìyàn 5, kí àwọn tí ń sáré bọ̀ wá wó o lulẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní yunifásítì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tàbí tí apá rẹ̀ le lè fi ìyẹn nìkan ṣẹ́gun. Nínú líìgì àgbà, gbogbo ẹni tí ó dojú kọ ọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ti fi ọdún gbọọrọ kọ́ ọgbọ́n ìparadà, tí wọn yóò tò bí ẹni tí ń ṣọ́ apá ọ̀tún, tí ó sì jẹ́ pé òsì ni wọn yóò gbà yọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà wọ̀nyí gan-an ni àwọn alátakò sì fi ń mú ọmọ tuntun. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ohun tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí a ó fún ọmọdé ṣe, bí kò ṣe ohun tí àwọn àgbà yóò kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọn yóò dá a padà fún un.

Kí á tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí á wo odi. Ènìyàn 5 ni ó ń dúró níwájú atọ́kùn láti dí àwọn alátakò lọ́nà, bí àwọn 5 yìí kò bá sì dára, òfo ni gbogbo ọgbọ́n tí mo fẹ́ sọ. Ní 2002, ẹgbẹ́ Houston Texans, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, yan David Carr ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ tí ó jáde lọ́dún náà, nínú ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan eléré tuntun ní ìpele-ìpele. Wọ́n ti mú Tony Boselli, ọ̀kan nínú àwọn adènà tí ó lókìkí jù ní ayé ìgbà náà, pé òun ni yóò ṣọ́ ẹ̀yìn ọmọ náà, ṣùgbọ́n èjìká Boselli kò sàn, kò sì gbá eré kan ṣoṣo fún wọn. Ìgbà 76 ni wọ́n wó Carr lulẹ̀ ní sáà náà, kò sì sí atọ́kùn kankan nínú ìtàn líìgì náà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí rí. Ẹ wá fi èyí wé ti Peyton Manning ní Indianapolis ní 1998. Wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Gbogbo ẹrù ni wọ́n dì rù ú láti ọjọ́ kìíní, ó sì ju bọ́ọ̀lù 28 sọ́wọ́ alátakò, àṣìṣe tí kò sí ọmọ tuntun tí ó tíì ṣe tó o, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàdánù eré 13 nínú 16. Ní ọdún kejì, eré 13 kan náà ni wọ́n ṣẹ́gun. Àwọn kan ń fi ìtàn Manning jẹ́rìí pé kí á sọ ọmọdé sínú odò kí ó lè mọ̀ ọ́n wẹ̀. Èmi kò bá wọn lọ, nítorí pé ìgbà 22 péré ni wọ́n wó Manning lulẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Ó ń ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n ó ń wà lórí ìdúró láti rí àṣìṣe rẹ̀. Carr kò rí àyè bẹ́ẹ̀.

Inú mi a máa dùn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi orí jì mí, nígbà tí mo bá rí orúkọ ilé wa lẹ́yìn aṣọ àwọn tí ń ṣe odi yìí: ní 2024, ẹgbẹ́ New York Jets yan Olumuyiwa Fashanu ní ipò kọkànlá, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó má jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tá tó ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọdé tí àwọn àgbà mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ dájúdájú ni Ben Roethlisberger. Ní 2004 ni Pittsburgh Steelers yàn án, wọ́n sì fẹ́ kí ó jókòó kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n Tommy Maddox farapa nínú eré kejì, ni wọ́n bá ti ọmọ náà síta. Bill Cowher, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, kò retí pé kí ọmọ náà fi apá rẹ̀ gba ẹgbẹ́ là. Ìgbà tí ó lé ní 600 ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún àwọn asárébọ́ọ̀lù, pàápàá Jerome Bettis, ọkùnrin bíríkítí tí wọ́n ń pè ní Bọ́ọ̀sì, àti Duce Staley. Nígbà tí àwọn alátakò bá ti sún síwájú láti dí àwọn yìí lọ́nà, atọ́kùn a ṣe bí ẹni pé òun ń fa bọ́ọ̀lù lé wọn lọ́wọ́, a sì fà á padà, a jù ú sẹ́yìn àwọn tí ó ti tàn jẹ. Ojú tí ó yẹ kí ó wo gbogbo pápá a wá kù sí ìlàjì. Eré 13 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní sáà náà, eré 13 ni ó ṣẹ́gun. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n lu New England àti Philadelphia, ẹgbẹ́ méjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì lù lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ, New England tún dé, wọ́n gba iwájú, ó wá di dandan kí ọmọdé ju bọ́ọ̀lù kí wọ́n lè lé wọn bá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n já a gbà, wọ́n sì fi 41 sí 27 lé Pittsburgh lọ sílé. Ohun tí wọn kò tíì kọ́ ọ ni ọjọ́ náà bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò dá Cowher lẹ́bi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrèǹgbè, àwọn méjèèjì sì ran ara wọn lọ́wọ́ títí wọ́n fi gba Super Bowl, eré àṣekágbá líìgì náà, ní oṣù kejì 2006, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ẹni ọdún 23.

Ọ̀nà kejì yàtọ̀ sí ti Pittsburgh pátápátá: kí á wo ohun tí ọmọ náà ti mọ̀ ṣe, kí á sì kọ́ ilé yí i ká. Kò sí ibi tí a ti lè rí ògo àti ewu ọ̀nà yìí kedere tó Washington ní 2012. Ẹ̀tọ́ yíyàn ìpele kìíní fún ọdún 3 àti ti ìpele kejì ẹyọ kan ni wọ́n kó lé St. Louis lọ́wọ́ kí wọ́n lè rí Robert Griffin III mú. Mike Shanahan, tí ó ti gba Super Bowl 2 pẹ̀lú Denver, àti Kyle ọmọ rẹ̀ tí ń darí ìkọlù, ṣe ohun tí àgbà kì í sábà ṣe, wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun nítorí ọmọdé. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá tẹ Griffin lọ́wọ́, yóò nà án sí ikùn asárébọ́ọ̀lù tí ń kọjá níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tíì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ yóò wà lára alátakò kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìdí lọ́nà. Bí onítọ̀hún bá lé asárébọ́ọ̀lù, Griffin a fa bọ́ọ̀lù yọ, a gba àyè tí ó ṣófo sáré. Bí ó bá dúró de Griffin, asárébọ́ọ̀lù a gbé e lọ. Ẹnì kan ni ọmọ náà ń kà dípò 11. Alfred Morris, tí wọn kò yàn títí ó fi di ìpele kẹfà, sá yáàdì 1,613. Griffin fúnra rẹ̀ sá 815, ó ju bọ́ọ̀lù tí ó di ayò ní ìgbà 20, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni wọ́n sì já a gbà.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ náà ni òpó tí ilé yìí dúró lé. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá, Haloti Ngata ti Baltimore kọlu orúnkún rẹ̀. Ó sinmi fún eré kan, Kirk Cousins, atọ́kùn mìíràn tí wọ́n yàn lọ́dún kan náà, bọ́ sípò rẹ̀, ó sì ṣẹ́gun. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní 2013, Griffin padà wà lórí pápá nígbà tí Seattle wá kò wọ́n lójú ní ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Washington kọ́kọ́ gba 14 sí òdo. Kí ìdá kìíní tó parí ni gbogbo ẹni tí ó ní ojú ti rí i pé ó ń tiro, síbẹ̀ wọn kò mú un jáde títí orúnkún náà fi yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní ìdá ìkẹyìn, tí iṣan inú rẹ̀ já. Ọmọ náà wí pé òun lè ṣe é. Kí ni a retí kí ó wí? Ọ̀dọ́ tí ó ní ọkàn jagunjagun kò ní fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó rẹ òun, nítorí náà ni a kì í fi irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ sí i lọ́wọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́; àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, Cousins sì wà lórí àga. Èmi kò rí ẹ̀bi kankan nínú ọgbọ́n tí wọ́n fi kọ́ ìkọlù yẹn. Ẹ̀bi tí mo rí ni pé wọ́n fi gbogbo nǹkan sí ẹsẹ̀ ẹnì kan, wọn kò sì yan ẹni tí yóò wí pé ó tó. Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, eré 3 ni wọ́n ṣẹ́gun nínú 16, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ Shanahan.

Baltimore ṣe é dára ju Washington lọ pẹ̀lú Lamar Jackson. Ní 2018, nígbà tí Joe Flacco farapa, wọ́n sáré fi ọmọ náà sípò, ó sì ṣẹ́gun eré 6 nínú 7. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Chargers ti mọ àṣírí rẹ̀ kí ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ tó dé, wọ́n sì lé e jáde. Baltimore kò wí pé kí ọmọ náà yí padà kí ó dàbí Flacco. Wọ́n jẹ́ kí Flacco lọ, wọ́n fi ìkọlù lé Greg Roman lọ́wọ́, wọ́n mú Mark Ingram wá kí ẹsẹ̀ mìíràn lè bá ti Jackson pín ẹrù, wọ́n sì ń fún un ní bọ́ọ̀lù jíjù díẹ̀díẹ̀. Ní 2019 wọ́n sá yáàdì 3,296, èyí tí ẹgbẹ́ kankan kò sá rí, Jackson ju bọ́ọ̀lù tí ó di ayò ní ìgbà 36, gbogbo ìbò tí àwọn oníròyìn fi ń yan eléré tí ó dára jù lọ sì jẹ́ tirẹ̀.

Owó náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní 2010, St. Louis fi dọ́là mílíọ̀nù 50 dá Sam Bradford lójú kí ó tó gbá eré kan; lẹ́yìn àdéhùn tuntun tí líìgì àti àwọn eléré ṣe ní 2011, Cam Newton, tí òun náà jẹ́ àkọ́yàn, gba nǹkan bí mílíọ̀nù 22 fún ọdún 4. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ tí ó bá ní atọ́kùn ọmọdé a máa fi owó tí ó kù ra odi àti àwọn àgbà yí i ká. Nígbà tí Seattle fi 43 sí 8 na Denver nínú Super Bowl oṣù kejì 2014, owó Russell Wilson, atọ́kùn ọmọdé wọn, fún sáà náà kò tó mílíọ̀nù kan.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà tí wọn kò gbé òkúta kan lé òmíràn nítorí wọn. Marlin Briscoe, ọmọ aláwọ̀ dúdú, di atọ́kùn Denver ní 1968, ó sì ju ayò 14 gẹ́gẹ́ bí ọmọ tuntun. Ní ọdún kejì wọn kò jẹ́ kí ó bá ẹnikẹ́ni du ipò náà. Ó lọ sí Buffalo, ó sì fi ìyókù ọjọ́ rẹ̀ nínú líìgì gba bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn ń jù.

Mo fẹ́ wí pé ojú ti là báyìí, ó sì ti là díẹ̀. Ní 2024, Washington tún yan atọ́kùn ní ipò kejì, bí wọ́n ti yan Griffin. Jayden Daniels ni orúkọ rẹ̀. Ó ṣẹ́gun eré 12 pẹ̀lú wọn, ó sì gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà Super Bowl. Ní oṣù kẹta 2025, wọ́n ra Laremy Tunsil, adènà àgbà, láti Houston láti fi tún odi rẹ̀ mọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún náà, Seattle kan náà tún wá bá wọn, wọ́n ń nà wọ́n ní 38 sí 7, ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè rí jẹ nínú eré náà mọ́. Daniels ṣì wà lórí pápá. Ìgúnpá òsì rẹ̀ yẹ̀, Dan Quinn, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, sì gbà lẹ́yìn náà pé ọwọ́ òun ni ẹ̀bi wà.