GBỌ̀NGÀN ŃLÁ ÀTI ẸNI TÍ YÓÒ TỌ́JÚ RẸ̀
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n a rò pé ó tó ohun tí ìlú lè gbèrò lé lórí. Ní ilẹ̀ wa nísisìyí, ó ṣòro láti rí ìlú tí kò fẹ́ ní gbọ̀ngàn ńlá tirẹ̀. Bí àwọn ọmọ ìlú bá ti ẹ̀yìn odi dé, tí a sì péjọ, gbọ̀ngàn ni a ń dáwó fún. Ohun rere ni èyí, a kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ní ọjọ́ tí a bá fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ìlù a dún, olówó a náwó, ọ̀rọ̀ ìyìn a sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà gbọ́ ní ọjọ́ náà, òun ni a sì gbé wá síwájú yín: nígbà tí ogún ọdún bá kọjá, ta ni yóò tún òrùlé rẹ̀ ṣe?

Kí a má ṣe rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́ wa láti péjọ. Ní àwọn ìlú Yorùbá àtijọ́, ojúde ńlá wà níwájú àfin, ọjà ọba sì wà nítòsí rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń ṣe ọdún, ibẹ̀ ni a sì ti ń gbọ́ àṣẹ ọba. Àfin fúnra rẹ̀ jẹ́ ilé tí ó tóbi púpọ̀. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, koríko sì ni òrùlé rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òrùlé koríko kì í pẹ́ kí ó tó jẹrà. Báwo, nígbà náà, ni àwọn ará Ọ̀yọ́ ti ṣe tọ́jú òrùlé àfin Aláàfin? Wọ́n sọ ìtọ́jú rẹ̀ di ọdún. Ọdún Bẹẹrẹ ni ọdún náà: lọ́dọọdún ni àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin ń ru koríko bẹẹrẹ wá láti fi bo òrùlé àfin, rírù náà sì jẹ́ àmì ìtẹríba wọn. Ẹ kíyèsí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Wọn kò dúró de ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sí ọba lórí kí wọ́n tó wá koríko. Iṣẹ́ tí ìbá jẹ́ ìnira di ọjọ́ ayẹyẹ, olúkúlùkù sì mọ ìpín tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí àwọn ìlú òkèèrè ti ṣe tiwọn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, gbọ̀ngàn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Royal Albert Hall, èyí tí a ṣí ní ọdún 1871 ní ìrántí ọkọ Ọbabìnrin Victoria. Ó gba ènìyàn tí ó ju 5,000 lọ. Nígbà tí owó kò tó láti fi kọ́ ọ, àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ta ìjókòó inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá san £100 ni ó ni ìjókòó kan fún ọdún 999. Títí di òní, ìjókòó tí ó ju 1,200 lọ ni ó ní ẹni tí ó ni ín. Àwọn kan jogún tiwọn, àwọn mìíràn sì ra tiwọn. Gbogbo wọn ni ó sì ń san owó ìtọ́jú lọ́dọọdún. Ètò náà ní àléébù tirẹ̀, nítorí àwọn kan ń ta ààyè ìjókòó wọn ní owó gọbọi, èyí sì ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, kí a tó kọ́ ilé náà ni a ti mọ àwọn tí ilé náà jẹ́ tiwọn, ó sì ti lé ní 150 ọdún tí ó ti wà ní ìdúró.

Ní Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun mìíràn ni ó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1960 ni a ṣí ilé ìpàtẹ àti ìpàdé ńlá kan tí a ń pè ní McCormick Place sí etí Adágún Michigan. Irin àti kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn ènìyàn sì gbà pé iná kò lè rí i gbéṣe. Ní òru kan nínú oṣù kìíní ọdún 1967, nígbà tí wọ́n ti pàtẹ ohun èlò ilé sínú rẹ̀ de ìpàtẹ tí yóò bẹ̀rẹ̀, iná sọ láti ara okùn iná mànàmáná. Kò sí ẹ̀rọ tí ń wọ́n omi láti òkè ní gbọ̀ngàn ìpàtẹ náà, àwọn kan nínú ẹ̀rọ omi panápaná tí ó yí ilé náà ká kò sì ṣiṣẹ́. Irin òrùlé rọ, ó wó lulẹ̀, ọlọ́dẹ kan sì bá a lọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ni, tí èrò kún inú rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1971. Ní òní, òun ni ó tóbi jù nínú irú rẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil, ìlú tí a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbátan wa lọ ní ìgbà òwò ẹrú. Ní ọdún 1979 ni a ṣí ilé ìpàdé ńlá kan níbẹ̀, létí òkun. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó kò ní ṣàì mọ ohun tí afẹ́fẹ́ òkun ń fi irin ṣe: bí a kò bá ń ha ìpẹtà rẹ̀, kí a sì máa kùn ún ní ọ̀dà, díẹ̀díẹ̀ ni iyọ̀ yóò jẹ ẹ́ tán. Ìtọ́jú kò tó, apá kan ilé náà sì wó ní ọdún 2016. Ilé mìíràn ni ìlú náà kọ́ níkẹyìn, èyí tí a ṣí ní ọdún 2020.

A padà dé ilé wàyí. Gbọ̀ngàn Glover ti Èkó kò tóbi bí àwọn tí a ti ń sọ yìí, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a fi ṣe. Nínú rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ fi àwòrán sinimá han ará Èkó ní ọdún 1903. Ní ọdún 1944, nínú rẹ̀ ni Hubert Ogunde ti ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú ọdún kan náà ni a sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC sílẹ̀ níbẹ̀, tí Herbert Macaulay jẹ́ ààrẹ rẹ̀. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, Gbọ̀ngàn Màpó tí a ṣí ní ọdún 1929 ṣì wà lórí òkè rẹ̀, níbẹ̀ ni a sì ti ṣe ayẹyẹ ìgbadé Olúbàdàn ní ọdún 2022. Ilé tí ìlú ń lò kì í pẹ́ kí a tó rí i bí ó bá ń jò.

Ṣùgbọ́n ilé eré ńlá ti Igànmú ńkọ́? Àwọn ará Bulgaria ni ó kọ́ ọ, ní àwòṣe èyí tí ó wà ní ìlú Varna ní ilẹ̀ wọn, ìrísí rẹ̀ sì dà bí fìlà sójà. Gbọ̀ngàn rẹ̀ gba 5,000 ènìyàn. Ní ọdún 1977 ni gbogbo ènìyàn dúdú ayé péjọ síbẹ̀ fún FESTAC, ojú wa sì dán. Lẹ́yìn ọjọ́ ayẹyẹ náà, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni gbọ̀ngàn ńlá náà fi wà láìlò, títí ìjọba fi gbèrò láti fi ilé náà lé aládàáni lọ́wọ́, tí àwọn òṣèré sì kọ̀ jálẹ̀. Ní ọdún 2021 ni Báǹkì Àpapọ̀ àti àwọn báǹkì yòókù bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀. Ní ọdún 2024 a fi orúkọ Wole Soyinka pè é, a sì tún un ṣí ní ọdún 2025. A yọ̀, ó sì yẹ kí a yọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: bí a kò bá yí ìwà padà, a ó tún pàdé níbi ìṣílé mìíràn ní Igànmú.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi ń bẹ ìlú kọ̀ọ̀kan. Èkíní, nínú owó tí a bá dá fún kíkọ́, kí a ya apá kan sọ́tọ̀ fún títọ́jú, kí a sì yan àwọn tí yóò máa jíhìn rẹ̀ ní gbangba. Èkejì, kí a yan ọjọ́ kan lọ́dún, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, kí ó jẹ́ Bẹẹrẹ tiwa: kí gbẹ́nàgbẹ́nà mú ìṣó wá, kí àwọn akunlé mú ọ̀dà wá, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mọ ìpín rẹ̀, kí a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti ẹ̀rọ omi wò bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn èyí, kí a jẹun, kí a sì jó. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe ti gbọ̀ngàn pa láti ọdún dé ọdún de ìgbéyàwó olówó. Kí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ṣe eré níbẹ̀, kí àwọn àgbà máa pàdé níbẹ̀.

Bí ìlú kò bá lè ṣe mẹ́ta yìí fún gbọ̀ngàn tí yóò gba ẹgbẹ̀rún ènìyàn, a wí i láìfòyà pé kí ó kọ́ èyí tí yóò gba igba. Àwọn kan yóò wí pé ìlú tí ó múlé gbè wá yóò fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Kí wọ́n fi wá ṣe ẹlẹ́yà lónìí. Ó sàn ju kí àwọn ọmọ wa máa fi ẹran so mọ́ òpó gbọ̀ngàn tí kò ní òrùlé mọ́.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni a ń ṣe, ẹ ó sì dárí jì wá bí a bá mú ọ̀rọ̀ náà padà sí ilé-ìwé. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn ọmọ tí yóò di alága ìlú ní ogún ọdún sí i wà ní kíláàsì nísisìyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ ní ọjọ́ àtúnṣe, kí wọ́n di ìgbálẹ̀ mú, kí wọ́n sì ka iye pákó tí a pààrọ̀.