Ọṣẹ Dúdú: Iṣẹ́ Eérú àti Àdín



Nǹkan méjì ló ń di ọṣẹ: ọ̀rá àti omi eérú. Lọ́nà Kétu àti Àjàṣẹ́, níbi tí ọ̀pẹ ti pọ̀, àdín tàbí epo pupa ni ọlọ́ṣẹ ń lò. Lápá Ṣábẹ, òrí wà nítòsí. Eérú rẹ̀ kì í ṣe eérú ààrò lásán. Ìdì ẹyìn tí wọ́n ti já ẹyìn kúrò lára rẹ̀, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí èèpo kòkó ni wọ́n ń sá gbẹ kí wọ́n tó sun ún, torí pọtáṣì pọ̀ nínú wọn.

Ọlọ́ṣẹ á kó eérú sínú àjẹrẹ, á da omi lé e. Omi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni yóò máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Bí kò bá tíì mú tó, á tún un dà sórí eérú tuntun. Á gbé e kaná títí yóò fi ki, á wá máa da àdín sí i, á máa rò ó títí méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Ní 1823, Chevreul, onímọ̀ ará Faransé, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ bí ọ̀rá ṣe ń di ọṣẹ. Kí ìwé náà tó dé ilẹ̀ yìí, àwọn ìyá ti ń sè é.

Lónìí, sódà ọjà ti wọ iṣẹ́ náà. Ó yá, ó sì ń mú ọṣẹ le. Pọtáṣì inú eérú ló ń jẹ́ kí ọṣẹ dúdú rọ̀. Ṣùgbọ́n bí sódà bá pọ̀ ju ọ̀rá lọ, èyí tó ṣẹ́kù á máa bó ara ẹni tó ń wẹ̀. Bí ọmọdé bá mu ún, ọ̀fun rẹ̀ á jóná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò omi. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n fi ń wẹ ìkókó, òun ni wọ́n fi ń gún oògùn; ẹni tó bá fi sódà se tirẹ̀, kó sọ fún oníbàárà.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Eérú tí ìyá ọlọ́ṣẹ dà tọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ dé ilé ẹ̀kọ́, torí owó ọṣẹ ló rán wọn níwèé. Bí ìyá ṣe ń fi ojú àti ìka mọ omi tó ti mú, kò sí nínú ìwé. Kí ọmọ tètè jókòó tì í, kí ó kọ́ ọ.