Ẹ Yẹ Oorun Wò Kí Ẹ Tó Ra Oògùn Okun
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ìkòyí-Ilé

Ẹ̀yin ìyá wa, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pè yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin la fẹ́ sọ. Ìdí rẹ̀ yóò hàn láìpẹ́.

Ìlú jagunjagun nìlú yìí. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921 pé 70 làwọn jagunjagun tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀ṣọ́ ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, mẹ́wàá mẹ́wàá lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ Mèsì méje. A kì í sì í dárúkọ Ẹ̀ṣọ́ ká má dárúkọ Ìkòyí. Ogún tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí a lò ní ìlòkulò: a gbà pé ọkùnrin tó ń sùn dáadáa, ọ̀lẹ ni. Ọlọ́dẹ tó ṣọ́ ìlú mọ́jú tún ń gbé àdá lọ sóko láàárọ̀, a sì ń kan sáárá sí i. Awakọ̀ tó fi òru kó iṣu lọ sí Ìbàdàn, tó tún kó èrò bọ̀ láìfojú kan oorun, òun la ń pè ní akíkanjú. Nígbà tí okun rẹ̀ bá wá ń fà sẹ́yìn, tí nǹkan ọkùnrin kò dá a lóhùn mọ́, àgbo mán-páwà ni yóò máa wá kiri láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè pé báwo ló ṣe ń sùn.

Iṣẹ́ tí ara ń ṣe lójú oorun

Họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní testosterone ló ń mú ohùn ọkùnrin ki, òun ló ń hu irùngbọ̀n, tó ń fún iṣan lágbára, tó sì ń mú kí obìnrin wu ọkùnrin. Kórópọ̀n ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n láti inú ọpọlọ ni àṣẹ ti ń wá. Bí oorun bá ti gbé ọkùnrin lọ, testosterone á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń gbà tó wákàtí mẹ́ta oorun kó tó gòkè dáadáa. Ní ìdájí ló ń pọ̀ jù, ìrọ̀lẹ́ ló ń dín kù jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń gba ẹ̀jẹ̀ láti wọ̀n ọ́n kí aago 10 àárọ̀ tó lù, tí wọ́n sì ń tún un gbà lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó sọ pé ó lọ sílẹ̀.

Ní 2011, Rachel Leproult àti Eve Van Cauter ní Yunifásítì Chicago tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin 10 tí ara wọn le, wọ́n jẹ́ kí wọ́n sùn tẹ́rùn, lẹ́yìn náà wọ́n dín oorun wọn kù sí wákàtí 5 lálẹ́ fún òru mẹ́jọ. Testosterone tó wà lára wọn lójú mọmọ já wálẹ̀ ní ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí lásán kì í dín in kù ju bí ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún. Àwọn géńdé tí kò ṣàìsàn nìyẹn o, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Kí ẹ wá ro ti ẹni tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti ọdún yìí wá.

Ẹni tó ń hanrun ń jà

Ẹlòmíràn á ní, “Èmi ń sùn ní tèmi, kódà mo máa ń hanrun.” Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá sùn, iṣan ọ̀nà ọ̀fun máa ń dẹ̀. Lára ẹni tí ọrùn rẹ̀ ki, tí ọ̀rá yí ọ̀fun rẹ̀ ká, tàbí tí ahọ́n rẹ̀ ń wọ́ sẹ́yìn, ọ̀nà náà á fún pọ̀ bíi rọ́bà omi tí ẹnìkan fẹsẹ̀ tẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jàjàyè kọjá níbẹ̀ ló ń dún. Nígbà mìíràn ọ̀nà á dí pátápátá, èémí á sì dúró. Bó bá dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 10, ó ti wọ ìṣirò nìyẹn. Àìsàn yìí ni wọ́n ń pè ní sleep apnea. Bí èémí bá ń dúró tàbí tó ń já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún ní wákàtí kan, àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá pé 30, ó ti le gan-an.

Ọpọlọ ni kì í jẹ́ kí olúwarẹ̀ kú. Á ta á jí díẹ̀, á mí gúlegúle, á tún sùn lọ, kò sì ní rántí nǹkan kan láàárọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ìdí tí mo fi ní kí ẹ wá nìyí. Ọkọ kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀; ẹ̀yin lẹ ń gbọ́ ìgbà tí ìhanrun dákẹ́ lójijì, tí àyà yín ń já. Òun fúnra rẹ̀ á kàn mọ̀ pé orí ń fọ́ òun láàárọ̀, pé òun ń dìde tọ̀ léraléra lóru, pé òun ń tòògbé nídìí ọkọ̀.

Ọ̀nà tí èyí gbà ń ba họ́mọ̀nù jẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Oorun tó ń já létí kò jẹ́ kí testosterone gòkè bó ṣe yẹ. Ọ́síjìn tó ń já wálẹ̀ ń ṣe òpójẹ̀ níjàǹbá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé nǹkan ọkùnrin dìde. Èyí tó tún wá lágbára jù ni ìsanra: ọ̀rá inú ikùn máa ń sọ testosterone di estrogen, họ́mọ̀nù tó pọ̀ lára obìnrin. Àìsùn ń mú ebi pa ni, àjẹjù ń mú ni sanra, ìsanra ń dí ọ̀fun, ọ̀fun tó dí sì ń ba oorun jẹ́.

Ohun tó ń wo ó sàn, ohun tó ń dá kún un

Ní 1981, Colin Sullivan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, Ọsirélíà, jábọ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú wọlé kí ọ̀fun má bàa dí. CPAP lorúkọ rẹ̀. Ó ń mú ìtòògbé kúrò, ó sì ń ran ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín: nígbà tí wọ́n kó ìwádìí jọ, wọn ò rí i pé ẹ̀rọ yìí nìkan ń gbé testosterone sókè. Kí èèyàn jò lára ló ń gbé e sókè dájú. Kí olúwarẹ̀ máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn, kó má fi ẹ̀yìn lélẹ̀, èyí náà ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀.

Pàràgà alẹ́ àti oògùn oorun tí a ń rà ní kẹ́mìsì ń mú kí ọ̀fun túbọ̀ dẹ̀, kí èémí sì pẹ́ kó tó padà. Abẹ́rẹ́ testosterone tí àwọn ọ̀dọ́ ń gún láìgbàṣẹ dókítà lè mú kí sleep apnea burú sí i. Ó tún ń pa àṣẹ ọpọlọ lẹ́nu mọ́: bí ọpọlọ bá rí i pé họ́mọ̀nù ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kò ní rán kórópọ̀n níṣẹ́ mọ́, àtọ̀ á sì gbẹ. Ẹni tó ń wá ọmọ á wá fi owó ra àìríbí.

Ohun tí mo ń bẹ ìlú

Kí okùn ìwọ̀nṣọ wà nílé: bí ọrùn ọkùnrin bá ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, tó sì ń hanrun, kó lọ rí dókítà. Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà. Ilé ìwòsàn LAUTECH wà níbẹ̀, ti Bowen tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907 náà wà níbẹ̀. Kí àwọn ọlọ́dẹ ṣètò ìṣọ́ ní ọwọ́ọ̀wọ́, kí ẹni tó ṣọ́nà lóru sì rí ọ̀sán sùn kó tó roko, torí testosterone ń gòkè lójú oorun ọ̀sán pẹ̀lú. Kí alága ọkọ̀ má ṣe jẹ́ kí awakọ̀ tó wakọ̀ mọ́jú tún kó èrò. Kí àwọn nọ́ọ̀sì wa sì máa bi gbogbo ọkùnrin tó bá wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ẹ máa ń hanrun? Ṣé ìyàwó yín ti rí i kí èémí yín dúró rí? Ṣé ẹ máa ń tòògbé lójú mọmọ? Ìbéèrè kì í gbowó.